Ǹjẹ́ Apá Wa Ká Mọ́tò Bí? Ìṣirò Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe Kí A Tó Ra Ọkọ̀

Ẹni tí ó ra ẹṣin kò tí ì rà á tán ní ọjọ́ tí ó san owó rẹ̀. Koríko ń bẹ tí ẹṣin yóò jẹ ní òwúrọ̀, omi ń bẹ tí yóò mu ní ọ̀sán, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Bí ẹṣin ṣiṣẹ́, bí ẹṣin kò ṣiṣẹ́, yóò jẹun. Àwọn baba wa mọ èyí dájú. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní owó ẹṣin lọ́wọ́ ni ó ń so ẹṣin mọ́lẹ̀ ní àgbàlá rẹ̀ ní ayé àtijọ́.

Mọ́tò ni ẹṣin ayé òde òní. Ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń bi ara wọn nígbà tí owó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́: Ǹjẹ́ apá mi ká mọ́tò? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú iye tí ẹni tí ń ta ọkọ̀ bá pè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú iye tí ọkọ̀ náà yóò máa jẹ lẹ́yìn tí a bá ti gbé e dé ilé, àti nínú ohun tí yóò ṣẹ́kù fún àwọn ará ilé ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dúró tí kò lè lọ mọ́. A bẹ ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ yìí sí etí àwọn ará kí ó kà á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí àwọn tí ó mọ ìṣirò sì mú gègé àti ìwé lọ́wọ́.

OWÓ ÒJIJÌ ÀTI MỌ́TÒ

Kì í ṣe òní ni owó òjijì àti mọ́tò ti ń bá ara wọn rìn ní ilẹ̀ wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tí kòkó gbówó lórí ní ọjà àgbáyé títí di ọdún 1954, àwọn kan nínú àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tí ń ra kòkó fi owó wọn ra ọkọ̀ akẹ́rù onígi tí a ń pè ní bọ́lẹ̀kájà. Lẹ́yìn 1954, owó kòkó bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ọkọ̀ kò mọ̀ pé kòkó ti já. Epo tí ó ń mu ní àná náà ni ó ń bèèrè ní òní.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, Ìjọba Àpapọ̀ san àfikún owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀. A san owó oṣù mélòó kan pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi ra mọ́tò, alùpùpù àti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọdún 1975 kan náà ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Láìpẹ́, ọjà gbogbo gbówó lórí, àfikún owó náà kò sì tó nǹkan mọ́. Ní ọdún 1986, nígbà tí ìjọba yí ètò ọrọ̀ ajé padà, iye náírà wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilẹ̀ òkèèrè, ọkọ̀ tuntun sì ré kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ àlòkù tí ń ti òkè òkun wá, èyí tí a ń pè ní tòkunbọ̀, ti gbilẹ̀ ní ojú ọ̀nà wa.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ìgbà tiwa yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, a kéde pé owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san lórí epo mọ́tò ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 ré kọjá ₦500 ní ọ̀pọ̀ ibi láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọdún 2024 yóò sì fi parí, ó ti kọjá ₦1,000. Dọ́là Amẹ́ríkà kan, tí kò tó ₦500 ní ilé ìfowópamọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ju ₦1,500 lọ ní ọdún 2024. Nítorí pé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àti èlò rẹ̀ ti ń wá, gbogbo rẹ̀ ni ó gbówó lórí pọ̀.

Ní ọdún 2024 yìí kan náà ni tọ́ọ̀nù kòkó kan ré kọjá dọ́là 10,000 ní ọjà àgbáyé, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Owó wọ ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó, inú wọn sì dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì ohun tí ó jẹ́ ní òpin ọdún 2024. Ẹ kíyèsí ohun tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń kọ́ wa: owó tí a fi ra ọkọ̀ lè jẹ́ owó ọdún kan, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọkọ̀, ti ọdọọdún ni.

OHUN MÉJE TÍ MỌ́TÒ Ń JẸ

Kí a tó lè ṣe ìṣirò, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń ṣírò. Ohun méje ni mọ́tò ń jẹ. Àwọn kan hàn sí gbogbo ènìyàn. Àwọn kan sì fara pamọ́ títí di ọjọ́ tí wọn yóò dé lójijì.

Èkínní ni epo. Èyí ni gbogbo ènìyàn mọ̀.

Èkejì ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ìtọ́jú tí ó bá a rìn. Ọ́ìlì tí a kò pààrọ̀ ní àkókò rẹ̀ ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, owó ẹ́ńjìnnì sì ju owó ọ́ìlì ọdún púpọ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni táyà. Táyà ń gbó bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ rìn. Bí a bá wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa, a ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tí a tẹ̀ sí i lára; méjì àkọ́kọ́ ń sọ ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì ìkẹyìn ń sọ ọdún. Bí a bá rí 2319, ó túmọ̀ sí pé ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni a ṣe táyà náà. Kí ẹni tí ń ra tòkunbọ̀ wo nọ́ńbà yìí kí ó tó san owó, nítorí pé ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti gbó fẹ́ mú owó táyà mẹ́rin jáde ní oṣù àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹrin ni àtúnṣe: bíréèkì, bátìrì, àti gbogbo èlò tí ń bàjẹ́ láìsọtẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí àtúnṣe yóò dé, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ̀ pé yóò dé. Nítorí náà owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ dè é.

Ẹ̀karùn-ún ni ìwé ọkọ̀ àti owó adójútòfò. Òfin béèrè pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ìwé adójútòfò tí ń dáàbò bo ẹlòmíràn tí ọkọ̀ wa bá ṣe léṣe. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023 ni owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni ti kúrò ní ₦5,000 tí ó di ₦15,000 ní ọdún. Kí ó yé wa pé ìwé yìí kò ní tún ọkọ̀ tiwa ṣe. Ti ẹni tí a kọlù ni ó ń san. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a san ti ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú yóò ra èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹfà ni owó awakọ̀ àti owó gáréèjì, bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti akérò. Awakọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun, tíkẹ́ẹ̀tì sì ń bẹ láti já.

Èkeje ni gbígbó ọkọ̀. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ìnáwó, nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í wá sí ẹnu ọ̀nà wa láti bèèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí a rà ní òní yóò gbó, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó nílò òmíràn. Bí a kò bá fi nǹkan pamọ́ ní oṣooṣù de ọjọ́ náà, ọkọ̀ ni a ń jẹ láìmọ̀, tí a sì ń pè é ní èrè.

ÌṢIRÒ LÁGBÁJÁ

Ẹ jẹ́ kí a pe àgbẹ̀ kan ní Lágbájá. Àpẹẹrẹ lásán ni, a mú un wá láti fi kọ́ ọ̀nà ìṣirò. Kí olúkúlùkù fi iye owó ti àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò èyí tí a kọ síhìn-ín. Lágbájá ta kòkó, ₦4,000,000 sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦7,000,000, kí ó lè máa kó èrò láti abúlé lọ sí ìlú. Ó fẹ́ yá ₦3,000,000 tí ó kù.

Ìṣirò tí Lágbájá ṣe ní ọkàn rẹ̀ nìyí. Bọ́ọ̀sì yóò pa ₦40,000 ní ọjọ́ kan. Epo lítà 20 ní ₦1,000 yóò gba ₦20,000. Awakọ̀ yóò gba ₦6,000, tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì yóò gba ₦3,000. ₦11,000 ni yóò kù. Bí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 26 nínú oṣù, ₦286,000 nìyẹn. Nínú ọdún kan, ó ju ₦3,400,000 lọ. Lágbájá pàtẹ́wọ́, ó ní láàárín ọdún méjì òun yóò ti rí owó òun padà.

Níbo ni ìṣirò rẹ̀ ti wọ́? Kí a tún un ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ọkọ̀ tí kì í lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Òjò ń rọ̀, epo ń wọ́n, awakọ̀ ń ṣàìsàn. Kí a fi ọjọ́ 22 ṣe é dípò 26. ₦11,000 ní ọ̀nà 22 jẹ́ ₦242,000.

Lẹ́yìn èyí, kí a yọ àwọn ohun tí Lágbájá gbàgbé. Ọ́ìlì àti ìtọ́jú, ₦25,000 ní oṣù. Táyà mẹ́rin ní ₦60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, jẹ́ ₦240,000. Èyí tí í ṣe ₦20,000 ní oṣù. Owó tí a fi pamọ́ de àtúnṣe, ₦40,000. Ìwé ọkọ̀ àti adójútòfò, ₦60,000 lọ́dún. ₦5,000 ní oṣù. Àpapọ̀ wọn jẹ́ ₦90,000. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦242,000, ₦152,000 ni yóò kù.

Wàyí o, gbèsè. Lágbájá yá ₦3,000,000 láti san án tán ní oṣù 24. Ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦125,000 ní oṣù. Bí èlé owó náà bá jẹ́ ₦2.50 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan ní oṣù, tí a sì ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó àkọ́kọ́ títí dé òpin, ₦75,000 ni èlé lóṣooṣù. Àpapọ̀ jẹ́ ₦200,000. Bọ́ọ̀sì mú ₦152,000 wá. Ẹni tí ó yá a lówó ń retí ₦200,000. ₦48,000 ni Lágbájá yóò máa wá ní ibòmíràn ní oṣooṣù, láti inú oúnjẹ ilé tàbí owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

A kò sì tí ì ka gbígbó ọkọ̀. Bí bọ́ọ̀sì tí a rà ní ₦7,000,000 kò bá ní lè pa ju ₦2,000,000 lọ bí a bá tà á lẹ́yìn ọdún 5, ₦5,000,000 ti bá a lọ láàárín oṣù 60. Ó lé díẹ̀ ní ₦83,000 ní oṣù kan. Bí a bá fi kún ₦48,000, ₦131,000 ni Lágbájá fi ń lọ sẹ́yìn lóṣooṣù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará abúlé ń kí i pé, “Ẹ kú oríire, onímọ́tò.”

Ẹ jẹ́ kí a wo Tẹ̀mẹ̀dù, aládùúgbò rẹ̀, tí ó ra irú bọ́ọ̀sì kan náà láìyá kọ́bọ̀. ₦152,000 ni tirẹ̀ náà yóò kù. Bí ó bá fi ₦83,000 pamọ́ fún ọjọ́ tí yóò ra òmíràn, ₦69,000 ni èrè rẹ̀ gan-an ní oṣù. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n èrè ni. Ọkọ̀ kan náà, ojú ọ̀nà kan náà, iye èrò kan náà: apá Tẹ̀mẹ̀dù ká a, apá Lágbájá kò ká a. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún wa pé aládùúgbò wa ra ọkọ̀ tí ó sì ń jèrè, kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè tiwa.

BÍ EPO BÁ TÚN GBÓWÓ LÓRÍ

Ìṣirò tí kò fi àyè sílẹ̀ fún ọjọ́ burúkú kò tí ì pé. Bí epo bá kúrò ní ₦1,000 tí ó di ₦1,200, ₦4,000 ni yóò fi kún ìnáwó ọjọ́ kan lórí lítà 20. Nínú ọjọ́ 22, ₦88,000 nìyẹn. Tẹ̀mẹ̀dù tí ń jèrè ₦69,000 yóò wá máa pàdánù ₦19,000. Òótọ́ ni pé owó ọkọ̀ lè gòkè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í gòkè ní ọjọ́ kan náà. Àti pé nígbà tí ó bá gòkè, àwọn èrò kan yóò fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn mìíràn yóò dúró sí ilé. Ẹni tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2023 àti 2024 kò ní sọ pé irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú iye epo ti òní, àti lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú iye tí ó fi ìdá márùn-ún kan ga ju ti òní lọ. Bí ìṣirò kejì kò bá pa ilé lára, ó lè máa bá ètò rẹ̀ lọ.

MÁ ṢE FI OHUN TÍ Ń BỌ́ ILÉ DÓGÒ

Nígbà tí owó ọwọ́ kò bá tó, ìyáwó ni ó kù. Ní ilẹ̀ kòkó, àṣà kan wà láti ọjọ́ pípẹ́, èyí tí í ṣe pé kí a fi oko dógò. Ẹni tí ó yá wa lówó yóò gba oko, òun ni yóò sì máa ká kòkó inú rẹ̀. Ẹ fetí sí èyí dáadáa: kòkó tí ó ń ká kò dín gbèsè kù. Èlé owó rẹ̀ ni. Bí ó ká a fún ọdún mẹ́wàá, gbogbo owó tí a yá ni a ó san pé pérépéré kí oko tó padà sí ọwọ́ wa.

Òótọ́ ni pé ní àṣà Yorùbá ìdógò kì í ṣe títà. A lè san owó kí a gba oko padà, àwọn ọmọ wa pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n níbo ni ẹni tí oko rẹ̀ ti lọ yóò ti rí owó náà? Láti inú mọ́tò ni bí? A ti rí i nínú ìṣirò Lágbájá pé mọ́tò náà kò lè san gbèsè ara rẹ̀.

Ẹ fi oko wé mọ́tò. Igi kòkó tí a gbìn lè gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so; ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń so, tí a sì ń tọ́jú rẹ̀, ó lè máa bọ́ ilé fún ọgbọ̀n ọdún. Mọ́tò ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbó. Ẹni tí ó bá fi oko dógò nítorí mọ́tò ti fi ohun tí yóò bọ́ ọmọ rẹ̀ pààrọ̀ ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò máa bọ́. Ohun kan náà ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ aránṣọ, ti ẹ̀rọ ìlọta ọlọ́ta, àti ti ilé tí a ń gbé. Kí a má ṣe fi wọ́n dúró fún gbèsè ọkọ̀.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó bèèrè ohun mẹ́ta kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé: Mélòó ni gbogbo owó tí n ó san títí dé òpin, àti ti èlé? Ṣé lórí owó àkọ́kọ́ ni a ó máa ṣírò èlé, tàbí lórí èyí tí ó kù? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí n kò bá lè san ní oṣù kan? Ẹni tí ó bá kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ní gbangba, kí a má ṣe gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

RÍRÀ NI TÀBÍ YÍYÁ?

Àwọn mìíràn kò fẹ́ ọkọ̀ fún èrò kíkó. Wọ́n fẹ́ ẹ kí wọ́n lè máa kó ẹrù tiwọn lọ sí ọjà. Ìbéèrè wọn ni pé kí ni ó dára jù, kí a ra ọkọ̀ ni tàbí kí a máa yá ti ẹlòmíràn? Kí wọ́n ka iye ìgbà tí wọ́n ń lọ ní ọdún kan.

Bí ẹrù bá ń lọ sí ọjà ní ìgbà 40 lọ́dún, tí a sì ń san ₦15,000 fún ọkọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ₦600,000 ni a ń ná lọ́dún. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ tiwa, ìnáwó tí ó jẹ́ ₦90,000 lóṣooṣù fún Lágbájá lè dín kù sí ìdajì, nítorí pé ọkọ̀ wa kò rìn púpọ̀. ₦45,000 ní oṣù 12 jẹ́ ₦540,000. Bí epo lítà 10 bá ń lọ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ₦400,000 ni epo ìgbà 40. Àpapọ̀ jẹ́ ₦940,000, a kò sì ka gbígbó ọkọ̀ àti owó tí a fi rà á. Ẹni tí ń yá ọkọ̀ ní ₦600,000 kì í ṣe tálákà, ọlọ́gbọ́n ni. Bí ó bá di ìgbà 100 lọ́dún, kí ó tún ìṣirò náà ṣe, nítorí pé ìdáhùn lè yí padà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ọ̀nà mìíràn ni kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù para pọ̀ ra ọkọ̀ kan fún ẹrù gbogbo wọn. Èyí dára, bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹni tí yóò máa wà á, ẹni tí yóò máa gba owó, iye tí a ó máa fi pamọ́ fún àtúnṣe, àti ọ̀nà tí a ó gbà pín in bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ ara rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹgbẹ́ ni ó bàjẹ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ni ín, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ra ọ́ìlì rẹ̀.

ÌDÁNWÒ OṢÙ MẸ́FÀ

Bí ó bá ṣòro fún wa láti gba ìwé gbọ́, ọ̀nà kan wà tí a lè gbà dán agbára wa wò láìra ọkọ̀ rárá. Ọ̀nà yìí dára jù lọ fún olùkọ́, nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ara rẹ̀, èyí tí kì yóò mú owó wọlé.

Kí ó kọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà yóò jẹ ní oṣù kan: epo, ọ́ìlì, táyà, àtúnṣe, ìwé, àti gbígbó ọkọ̀. Kí ó yọ owó ọkọ̀ èrò tí ó ń san tẹ́lẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Èyí tí ó kù, kí ó máa gbé e lọ sí ilé ìfowópamọ́ tàbí fún alájọ ní oṣooṣù fún oṣù mẹ́fà, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọkọ̀ ti wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, àní bí ọdún dé, bí òkú kú, bí ilé ìwé bèèrè owó.

Bí oṣù mẹ́fà bá pé, tí owó náà sì pé, apá rẹ̀ ká ọkọ̀ náà. Owó tí ó kó jọ yóò sì dín ohun tí ó nílò láti yá kù. Bí ó bá ti ń yọ nínú rẹ̀ ní oṣù kejì, ó ti rí ìdáhùn rẹ̀. Ìdánwò náà kò ná an ní ohunkóhun, kò sì sí ẹni tí yóò wá gba oko rẹ̀ nítorí rẹ̀.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A RÀ Á

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń sọ pé mọ́tò kò dára. Mọ́tò ń gbé aláboyún dé ilé ìwòsàn ní òru, ó ń gbé tòmátì dé ọjà kí ó tó rà. Ẹni tí apá rẹ̀ ká a, kí ó rà á, kí ó sì gbádùn rẹ̀. Àmì mẹ́rin ni a ó fi mọ̀ pé àkókò tó. Àkọ́kọ́, owó tí a ní lọ́wọ́ tó owó ọkọ̀, tàbí ó kù díẹ̀ kí ó tó, láìfọwọ́ kan owó irúgbìn àti owó ilé ìwé. Èkejì, owó àtúnṣe oṣù mẹ́ta ti wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ̀kẹta, ìṣirò wa dúró bí epo tilẹ̀ gbówó lórí. Ẹ̀kẹrin, bí ọkọ̀ bá dúró fún oṣù kan gbáko, àwọn ará ilé yóò ṣì jẹun.

Ní ọjọ́ tí a ó bá rà á, kí a mú mẹkáníìkì tí a gbẹ́kẹ̀lé dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Kí a rí ìwé owó ibodè, kí a sì rí i pé nọ́ńbà tí ó wà lára ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu. Bí a bá ní kí a yára san owó kí ẹlòmíràn má baà rà á, kí a padà sí ilé. Ọkọ̀ mìíràn yóò wá sí ọjà ní ọ̀la.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ILÉ ÌKÀWÉ

1. Nínú ohun méje tí ọkọ̀ ń jẹ, èwo ni àwọn onímọ́tò àdúgbò wa máa ń gbàgbé jù? Kí ni ó fà á?

2. Ẹ fi iye epo, owó awakọ̀ àti owó ọkọ̀ ti abúlé yín tún ìṣirò Lágbájá ṣe. Mélòó ni ó kù ní òpin oṣù?

3. Bí Lágbájá bá dúró títí tí yóò fi ní ₦6,000,000, tí ó sì yá ₦1,000,000 péré ní ìlànà kan náà, ṣé bọ́ọ̀sì náà yóò lè san gbèsè rẹ̀? Ṣé yóò tún kù tó láti ra òmíràn?

4. Ǹjẹ́ oko wà ní àdúgbò wa tí a fi dógò tí a kò tí ì gbà padà? Kí àwọn àgbà sọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀.

5. Ìgbà mélòó ni ẹrù ń jáde kúrò ní abúlé wa lọ sí ọjà nínú ọdún? Ṣé yóò sàn fún wa láti máa yá ọkọ̀, tàbí láti para pọ̀ ra ọ̀kan?

Kí ẹni tí ń darí ìjíròrò kọ ìdáhùn àwọn ará sí ojú pátákó, kí àwọn tí kò wá lè rí i. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń múra láti ra ọkọ̀ ní àsìkò kòkó yìí, kí ó mú ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ aya rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ti dàgbà, kí wọ́n jọ kà á, nítorí pé gbogbo wọn ni yóò jọ san án.